"Àǹtí, ṣé ó ki?": ohun tí ojú ò rí nínú àtọ̀ ọkùnrin

Nígbà tí àwọn ọkùnrin bá wá gba èsì àyẹ̀wò àtọ̀ wọn, ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi mí kì í ṣe iye tó jẹ́. "Àǹtí, ṣé ó ki?" ni wọ́n máa ń sọ. Iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn, mo sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kíki yìí ti wá. Àwọn tó ń polówó àgbo nínú mọ́tò ló ti rọ ọ́ sí àwọn èèyàn létí: àtọ̀ tó bá ṣàn kò lè dọmọ, kí ọkùnrin ra ìgò méjì kí tiẹ̀ lè ki. Irọ́ ni. Mo ti rí àtọ̀ tó ki dáadáa tí kò sí sípáàmù kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì wínníwínní tó ń lọ bá ẹyin obìnrin kó tó di ọmọ. Mo ti rí èyí tó ń ṣàn tí sípáàmù inú rẹ̀ ń sáré kiri. Omi yẹn fúnra rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò tilẹ̀ ti inú kóró ẹpọ̀n wá. Próstéètì àti àwọn àpò kékeré méjì tó wà lẹ́yìn àpòòtọ̀ ló ń pèsè rẹ̀. Ohun tó ti kóró ẹpọ̀n wá kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, torí ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọkùnrin á gbé ife kékeré wá, á ti fi ọ̀rá dúdú wé e, á tún fi ìwé ìròyìn wé ọ̀rá, á gbé e lé káńtà, á sì máa wo ibòmíì. Àwọn kan á gbé e wá nínú kọ́ńdọ̀mù. A ó ní kí wọ́n lọ tún un ṣe, torí òróró tó wà lára kọ́ńdọ̀mù máa ń ba sípáàmù jẹ́. Màá fi ife náà sínú ooru 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kó yọ́, màá kán díẹ̀ sórí gíláàsì, kí wákàtí kan tó pé mo gbọ́dọ̀ ti wo bí wọ́n ṣe ń rìn. Lẹ́yìn náà ni kíkà. Gíláàsì tí à ń fi kà á ní ìlà wínníwínní, àpótí àpótí, màá máa kà á láti àpótí kan bọ́ sí èkejì títí màá fi ka 200, màá tún bẹ̀rẹ̀ lórí èkejì kí n lè fi méjèèjì wéra. Bí mi ò bá rí ohunkóhun, mi ò ní kọ òdo síbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Màá fi ẹ̀rọ yí i kíkankíkan kí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè sọ̀kalẹ̀ sí ìdí ìgò, màá sì wá inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn dáadáa. Èèyàn tó bá ní sípáàmù mélòó kan péré yàtọ̀ gan-an sí ẹni tí kò ní rárá.

Ìwé ìlànà tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, tún ṣe ní 2021 sọ pé nínú àwọn ọkùnrin tí ìyàwó wọn lóyún láàárín ọdún kan, ibi tí àwọn márùn-ún tó kéré jù nínú ọgọ́rùn-ún parí sí ni sípáàmù mílíọ̀nù 16 nínú mílílítà kan, 42 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń mira, 4 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìrísí wọn sì pé. Bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́rin péré. Ẹ wo àwọn yòókù: olórí ńlá, olórí méjì, ẹni tí ọrùn rẹ̀ wọ́, ẹni tí ìrù rẹ̀ ká. Bàbá ọlọ́mọ márùn-ún ni wọ́n ti ara rẹ̀ jáde o.

Ọ̀ràn tó ń dùn mí ni ti àwọn tí gbogbo iye yìí pé lọ́wọ́ wọn. Èsì ọkọ dára, èsì ìyàwó dára, ọdún ń gorí ọdún. Dókítà á kọ ọ́ sínú fáìlì pé wọn ò rí ìdí kan pàtó. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dà báyìí nílẹ̀ wa, ìyàwó ni wọ́n máa ń dá padà sórí rẹ̀: wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbo, ọkọ á sì jókòó sílé pẹ̀lú èsì tó mú un láyà le. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni pé èsì tí mo kọ yẹn, iye ni mo kà, ìrìn ni mo wò. Iṣẹ́ tó ń gbé sípáàmù dé inú ẹyin, ọwọ́ purotéènì ló wà, ìyẹn àwọn èròjà wínníwínní tó ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, kò sì sí maikirosikóòpù tó wà lórí tábìlì mi tó lè fi purotéènì hàn mí.

Kóró ẹpọ̀n sì ni ibi tí purotéènì tó jẹ́ ti ibì kan ṣoṣo nínú ara pọ̀ sí jù lọ. Àwọn onímọ̀ tó ṣe Human Protein Atlas ní Sweden lọ káàkiri gbogbo ẹ̀yà ara, wọ́n ń wo jíìnì, ìyẹn àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe purotéènì, èyí tó ń ṣiṣẹ́ níbì kan ju ibòmíì lọ. Kóró ẹpọ̀n ló gbégbá orókè, jíìnì tó jẹ́ tirẹ̀ tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Ọpọlọ gan-an kò sún mọ́ ọn. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ro iṣẹ́ tí sípáàmù ń ṣe, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì wo ló tún wà nínú ara ọkùnrin tó ń sọ krómósómù 46, àwọn okùn tí jíìnì wà lórí wọn, di 23, tó ń bọ́ ara sílẹ̀ kó lè fúyẹ́, tó ń hu ìrù, tó sì ń kúrò nínú ara ẹni tó ni ín lọ ṣiṣẹ́ nínú ara ẹlòmíì? Àtìbẹ̀rẹ̀ dópin, iṣẹ́ náà ń gba nǹkan bí oṣù méjì àti ààbọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bi àwọn èèyàn bóyá ibà líle ti dá wọn dùbúlẹ̀ ní oṣù méjì sẹ́yìn. Àtọ̀ tí wọ́n gbé wá lónìí, ìgbà yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ibà bá ti kọjá lára, wọ́n ṣì lè rí àbùkù rẹ̀ nínú èsì, dókítà tó bá mọṣẹ́ á ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Iṣẹ́ dídì ẹrù ló wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀. DNA inú sípáàmù kan, okùn tí krómósómù fi ń gbé jíìnì, bí a bá nà án tán, gùn tó mítà kan. Orí tí ó máa wọ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà. Nínú sẹ́ẹ̀lì yòókù, purotéènì tí wọ́n ń pè ní histone ni DNA ń ká mọ́, ó sì dẹ̀ díẹ̀ kí jíìnì lè ráyè ṣiṣẹ́. Sípáàmù kò nílò àyè yẹn. Nígbà tó bá ń parí, wọ́n á kó histone kúrò, àwọn purotéènì kan á wá dúró fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni protamine á wọlé, yóò sì fún DNA pinpin. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń di bélì òkìrìkà ní Òkè Òkun kí wọ́n tó kó o sínú kọ̀nténà: aṣọ tí ì bá kún yàrá, ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á fi irin dè é, kò ní sí atẹ́gùn kankan láàárín rẹ̀. Irin ìdè yẹn náà wà lára protamine, torí ó ní imí ọjọ́ nínú, imí ọjọ́ ti apá kan á sì so mọ́ ti apá kejì. Nínú èèyàn, wọn kì í kó gbogbo histone jáde tán o. Díẹ̀ máa ń kù, nǹkan bí 5 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn onímọ̀ sì ń jiyàn lórí ohun tí èyí tó kù ń ṣe níbẹ̀.

Èèyàn ní oríṣi protamine méjì, ó sì yẹ kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Nínú ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń wojú Olúwa fún ọmọ, ìdọ́gba yẹn ti yẹ̀. Ní 2001, wọ́n ba ẹ̀dà kan péré jẹ́ nínú ẹ̀dà méjì tí eku ní fún jíìnì protamine, eku náà kò sì lè bímọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dà kejì wà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Nínú ọkùnrin, DNA tí wọn ò dì dáadáa máa ń tètè já. Mo lè ka irú sípáàmù bẹ́ẹ̀ ní ogójì mílíọ̀nù, kí wọ́n máa ta gìrì lójú mi, kí n sì kọ ọ́ pé ó dára.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí protamine ni Friedrich Miescher, ọmọ Basel ní Switzerland, ní 1874. Àtọ̀ ẹja salmon tí wọ́n ń pa nínú odò Rhine ló fi ṣe é. Òun kan náà ló kọ́kọ́ yọ ohun tí a wá mọ̀ sí DNA jáde ní 1869 ní Tübingen, Jámánì, nínú ọyún tó wà lára báńdéèjì tí wọ́n ti lò fún àwọn aláìsàn. Ọkùnrin tí kò kórìíra ohun ìdọ̀tí rárá! Ní 1936, Hagedorn ní Denmark fi protamine ẹja pọ̀ mọ́ insulin, oògùn àtọ̀gbẹ, kó má bàa tètè tán lára, P tó wà nínú orúkọ insulin NPH títí dòní, protamine ni. Èyí tó máa ń rú, tí wọ́n ní ká yí ìgò rẹ̀ lọ́wọ́ ká tó fà á, òun ni. Bí bàbá yín bá ń gún un, mi ò rò pé ó pọn dandan kí ẹ sọ ibi tó ti wá fún wọn.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà nínú kóró ẹpọ̀n tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ìyá ọkọ gbọ́. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń pín krómósómù rẹ̀ sí méjì, wọ́n máa ń ti krómósómù X pa, jíìnì orí rẹ̀ á dákẹ́. Bẹ́ẹ̀, orí X ni jíìnì PGK1 wà, èyí tí sẹ́ẹ̀lì fi ń rí agbára láti inú ṣúgà. Ara ti gbọ́n tẹ́lẹ̀: ẹ̀dà rẹ̀ kan, PGK2, wà lórí krómósómù 6, inú kóró ẹpọ̀n nìkan ló sì ti ń jí. Láìsí i, sípáàmù kò ní rí agbára fi rìn dáadáa. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ti X pa, jíìnì mìíràn tó wà lórí rẹ̀, TEX11, ti ní iṣẹ́ tirẹ̀, ìyẹn ni láti bá àwọn krómósómù méjìméjì so pọ̀ kí wọ́n tó pínyà. Ní 2015 ni wọ́n jẹ́ ká mọ̀ pé bí TEX11 bá bàjẹ́, iṣẹ́ lè dúró ní àárín ọ̀nà, kí ọkùnrin má ní sípáàmù rárá. Níbo ni ọkùnrin ti ń rí X rẹ̀? Lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá náà kò mọ̀, ara rẹ̀ le, ó bímọ, torí nínú ọkùnrin ni àbùkù TEX11 ti ń hàn. Mi ò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè lọ máa bá ìyá ọkọ rẹ̀ jà. Mo sọ ọ́ torí mo ti jókòó níbi tí ìyá ọkọ ti ń pe ìyàwó ní àgàn, tí fáìlì ọmọ tirẹ̀ sì wà níwájú mi.

Akúra náà kọ́ ni wọ́n ń pe ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì kò ní àbùkù kankan, nítorí náà kò sí ohun tó ń pè é lọ sí láàbù.

Nípa bí sípáàmù ṣe ń wọ ẹyin, àwọn ará Japan ló ṣí wa lójú. Ní Osaka ní 2005, Naokazu Inoue àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ rí purotéènì kan ní orí sípáàmù, wọ́n sọ ọ́ ní IZUMO, orúkọ ojúbọ kan ní Japan tí àwọn èèyàn ti ń lọ tọrọ ìgbéyàwó. Sípáàmù eku tí kò ní IZUMO rí bó ṣe yẹ, ó ń lúwẹ̀ẹ́, ó dé ọ̀dọ̀ ẹyin, ó la èèpo ẹyin kọjá, ó wá dúró síbẹ̀. Kò lè wọlé. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni àwọn tó wà ní ilé iṣẹ́ Sanger nítòsí Cambridge rí ẹni tí IZUMO ń bá dì mọ́ra lára ẹyin, wọ́n sọ ọ́ ní JUNO, òrìṣà ìgbéyàwó àwọn ará Róòmù àtijọ́. Láti ìgbà yẹn wọ́n ti rí ọ̀pọ̀ mìíràn tó ń bá IZUMO ṣiṣẹ́. Ẹ tún wo èyí: nígbà tí àwọn ará Osaka fi abẹ́rẹ́ gún sípáàmù tí kò ní IZUMO yẹn sínú ẹyin, ó di ọmọ eku. Ìyẹn ni ICSI, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi bímọ fún èèyàn ní Brussels ní 1992. Abẹ́rẹ́ náà ń ṣe iṣẹ́ tí purotéènì kò ṣe.

Mo gbọ́dọ̀ bomi díẹ̀ sí i, torí mo ti rí àwọn tó ń ta àyẹ̀wò olówó gọbọi lórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí purotéènì kan ṣoṣo. Ní 2016 àwọn onímọ̀ láti Osaka àti Houston yọ jíìnì 54 tó jẹ́ ti kóró ẹpọ̀n kúrò lára eku, lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn eku náà ń bímọ lọ bó ti yẹ. Nítorí náà pé purotéènì kan jẹ́ ti kóró ẹpọ̀n kò sọ pé ó pọn dandan. Eku kì í sì í ṣe èèyàn. Purotéènì kóró ẹpọ̀n kan tí ń jẹ́ TEX101 fi hàn: eku tí kò ní in, sípáàmù rẹ̀ kò lè gòkè láti inú ilé ọmọ wọ ọ̀nà tí ẹyin ń gbà bọ̀, torí purotéènì mìíràn tí ń jẹ́ ADAM3 kò pé mọ́ lára rẹ̀. Ní ti èèyàn, ADAM3 tiwa ti kú tipẹ́, kò ṣe nǹkan kan.

Síbẹ̀ TEX101 ni mo máa yàn bí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan tí ó lè wọ láàbù wa lọ́la. Nígbà tí mo bá kọ òdo, ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀: ṣé ọ̀nà ló dí ni, tàbí iṣẹ́ ni kò lọ nínú kóró ẹpọ̀n? Láti mọ̀ ọ́n dájú, wọ́n sábà máa ń fi ọ̀bẹ mú díẹ̀ nínú kóró ẹpọ̀n wò. Ní 2013, àwọn onímọ̀ ní Toronto fi hàn pé omi àtọ̀ nìkan lè dáhùn. Inú kóró ẹpọ̀n ni TEX101 ti ń wá. ECM1 ń wá láti inú ọ̀pá tó lọ́ mọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn kóró ẹpọ̀n, níbi tí sípáàmù ti ń gbó. Bí ọ̀nà bá dí, ECM1 kò ní ráyè jáde. Bí ECM1 bá pọ̀ tí TEX101 sì ti sá lọ, ọ̀nà là, iṣẹ́ ni kò lọ. Ọkùnrin tó ti sá fún ọ̀bẹ lè gbà láti tún gbé ife kan wá.

Nǹkan kan tún wà tí mo máa ń rí fúnra mi: sípáàmù tó lẹ̀ mọ́ra wọn, orí mọ́ orí, ìrù mọ́ ìrù, tí wọ́n ń jà láti já ara wọn gbà. Ìgbà tí ọmọkùnrin bá bàlágà ni àwọn purotéènì ara sípáàmù ń yọjú, ara rẹ̀ sì ti kọ́ ẹni tó jẹ́ tirẹ̀ tán kó tó dìgbà yẹn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí Enrico Sertoli kọ nípa wọn ní 1865 ló ń ṣe ògiri kí ẹ̀jẹ̀ má bàa rí wọn. Bí ògiri bá wó, bóyá nítorí pé kóró ẹpọ̀n lọ́ tàbí wọ́n gbá a, ara á gbógun ti sípáàmù tirẹ̀, ìyẹn sì lè mú kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni abẹ́rẹ́ testosterone, èròjà tí kóró ẹpọ̀n ń ṣe fún ara ọkùnrin, tí wọ́n ń tà fún àwọn ọ̀dọ́ ní jíìmù àti ní àwọn ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísítì kan, pé á mú wọn di ọkùnrin gidi. Bí testosterone bá ti ìta wọlé, ọpọlọ á rò pé ó ti tó, á dẹ́kun àṣẹ tó ń fún kóró ẹpọ̀n, iye sípáàmù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, ó lè dé òdo. WHO pàápàá ti dán an wò ní nǹkan bí 1990 fún àwọn ọkùnrin tó fẹ́ fi fètò sọ́mọ bíbí. Àwọn ọ̀nà tó dára jù ló ń bọ̀: ní 2012 oògùn kan tó ń dí BRDT, purotéènì kóró ẹpọ̀n, sọ akọ eku di ẹni tí kò lè bímọ, wọ́n dá a dúró, ó tún ń bímọ. Ní 2024 wọ́n ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú STK33. Ìyàtọ̀ oògùn ti 2012 sí abẹ́rẹ́ jíìmù ni pé testosterone ara eku náà kò yí padà.

Èyí tí mi ò rí ìdáhùn rẹ̀ ni ti krómósómù Y. Apá kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní AZFc, ibẹ̀ ni àwọn jíìnì DAZ wà, tí purotéènì wọn wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń di sípáàmù. Àwọn ọkùnrin kan wà tí apá yẹn já sọnù lára Y wọn. Púpọ̀ nínú wọn ṣì ní sípáàmù díẹ̀, wọ́n lè wá a jáde láti inú kóró ẹpọ̀n gan-an, kí wọ́n fi ICSI bímọ. Bí ọmọ náà bá jẹ́ ọkùnrin, Y bàbá rẹ̀ ni yóò gbà, pẹ̀lú ibi tó já yẹn, òun náà á sì dàgbà wá dúró síwájú káńtà kan. Mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n sọ fún bàbá náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí ó tó sanwó. Mo ti gbọ́ tí dókítà ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ọkọ kan, ọkọ náà fetí sí i dáadáa títí ó fi parí, ó ní, "Dókítà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí ọmọ ná. Nígbà tí tirẹ̀ bá tó, ẹ̀yin náà á ti mọ̀ jù báyìí lọ." Dókítà kò rí nǹkan kan fi dá a lóhùn.